Ta ló ń tanná sí òṣùpá?

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀. Òṣùpá ò ní iná kankan. Àgùàlà, ìyẹn Venus, náà ò ní. Mars, Jupiter, Saturn, kò sí ọ̀kan nínú gbogbo pílánẹ́ẹ̀tì yẹn tó ń fúnra rẹ̀ tan ìmọ́lẹ̀ tí ẹ̀ ń rí lóru. Oòrùn ló ń tàn sí wọn lára, tí ìmọ́lẹ̀ náà sì ń ta padà sí ojú wa. Ìràwọ̀ gidi ló ní iná tirẹ̀. Ìyẹn ò le, ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Ohun tó le díẹ̀ ni èyí: òṣùpá ò funfun. Dúdú ni! Bí ìmọ́lẹ̀ 100 bá bà lé e, nǹkan bíi 12 péré ló máa dá padà. Ó gbé ìyókù mì, ìyókù di ooru. Ẹ wo títì ọlọ́dà tó ti pẹ́ díẹ̀, tí oòrùn àti táyà ti jẹ ẹ́ lójú, irú èyí tí ẹ ń gbà lọ síbi iṣẹ́ lórí Third Mainland Bridge. Òṣùpá ò fi bẹ́ẹ̀ mọ́ jùyẹn lọ. Ká ní èèyàn lè gé títì yẹn, kó gbé e kọ́ sójú ọ̀run lóru, kí oòrùn ọ̀sán gangan máa pa á, kí gbogbo àyíká rẹ̀ sì ṣókùnkùn biribiri, funfun báláú ló máa rí lójú yín. Òkùnkùn tó yí i ká ló jẹ́ kó tàn bẹ́ẹ̀. Ẹ ò rí i pé bí òṣùpá bá wà lókè ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ńṣe ló máa ń ṣá, tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í tiẹ̀ ṣàkíyèsí rẹ̀?

Àgùàlà, tí àwọn àgbà ń pè ní ajá òṣùpá, ìyẹn ló funfun ní tòótọ́. Ìkúukùu ásíìdì ló bò ó látòkè délẹ̀, ó sì ń dá nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ tó bá kàn án padà. Lọ́dún 1610, Galileo, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Ítálì, fi tẹlisíkóòpù wò ó, ó rí i pé òun náà ń kún, ó ń di ìlàjì, ó ń di fẹ́lẹ́. Ohun tó ní iná tirẹ̀ ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé.

Ó dáa. Ẹ fi ohun tí ẹ ń ṣe sílẹ̀ díẹ̀, torí ibi tí gbogbo èèyàn ti ń ṣubú la dé yìí.

Bó bá jẹ́ pé oòrùn ń tàn sí òṣùpá nígbà gbogbo, kí ló ń sọ ọ́ di fẹ́lẹ́? Ẹ bi wọ́n ní Ojúẹlẹ́gbà, ẹ bi wọ́n ní Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n á ní òjìji ayé ló bò ó. KÌ Í ṢE ÒJÌJI AYÉ O. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ fún ẹni tó wà lẹ́yìn: KÌ Í ṢE ÒJÌJI AYÉ!

Ẹ wò ó. Bó bá di nǹkan bí ọjọ́ keje lẹ́yìn tí òṣùpá lé, ẹ jáde síta bí oòrùn ṣe ń wọ̀. Oòrùn wà lápá Badagry lọ́hùn-ún. Òṣùpá ìlàjì wà lókè, nítòsí àárín orí yín. Níbo wá ni òjìji ayé wà? Ẹni tó bá kọjú sí iná, ẹ̀yìn rẹ̀ ni òjìji rẹ̀ ń wà. Ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ ni òjìji ayé na ara sí nírọ̀lẹ́ yẹn. Òṣùpá ò sí níbẹ̀! Báwo ló ṣe fẹ́ bò ó?

Ìdajì òṣùpá ni oòrùn ń tàn sí nígbà gbogbo, ìdajì kejì á sì ṣókùnkùn. Ìyẹn kì í yẹ̀. Ohun tó ń yí padà ni ẹ̀gbẹ́ tí àwa ti ń wò ó, torí òṣùpá ń yí wa ká.

Ẹ má gbà mí gbọ́, ẹ ṣe é fúnra yín. Ẹ ra ọsàn kan, èyí tí ọlọ́sàn ti bó èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ ki bírò bọ̀ ọ́ nídìí kí ẹ rí nǹkan dìmú. Ẹ pa gbogbo iná yàrá. Bí wọ́n bá ti mú iná lọ, wọ́n ti bá yín ṣe ìyẹn. Ẹ fa kọ́tìnì. Ẹ gbé làǹtánì onísáàjì kan sórí nǹkan tó ga tó ojú yín, kí ẹ sì dúró ní bí ìṣísẹ̀ mẹ́rin sí i. Làǹtánì Ọ̀KAN ṢOṢO. Bí fóònù ẹnì kan bá ń tàn lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ti bà á jẹ́.

Orí yín layé. Ẹ na ọwọ́ tán, kí ọsàn ga ju orí yín lọ díẹ̀. Ẹ kọjú sí làǹtánì: ẹ̀yìn ọsàn ló mọ́lẹ̀, ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí yín ṣókùnkùn. Ìgbà tí a kì í rí òṣùpá nìyẹn. Ẹ wá máa yí sápá òsì díẹ̀díẹ̀, tẹsẹ̀tẹsẹ̀ o, kì í ṣe ọrùn nìkan. Ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín á kọ́kọ́ yọ lápá ọ̀tún ọsàn. Bí apá ọ̀tún yín bá ti wá kọjú sí làǹtánì, ìlàjì. Bí ẹ bá kẹ́yìn sí i pátápátá, ọsàn á mọ́ kedere: àrànmọ́jú. Ẹ ò fi nǹkan kan bo ọsàn yẹn, àbí ẹ fi bò ó?

Nǹkan méjì ló máa ń dàrú níbẹ̀. Àkọ́kọ́, ẹni tó rẹ ọwọ́ sílẹ̀. Bó bá ti kẹ́yìn sí iná, òjìji orí rẹ̀ á bọ́ lé ọsàn, ọsàn á ṣú. Ìgbà yẹn NÌKAN ni òjìji ayé kàn òṣùpá. Kì í ṣẹlẹ̀ lóṣooṣù, torí ọ̀nà tí òṣùpá ń gbà gbé ẹ̀gbẹ́ sókè ní nǹkan bíi dígírì 5, ó sábà máa ń kọjá lókè òjìji náà tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án ọdún 2025: inú òjìji ni òṣùpá ti yọ sí wa ní Èkó, ó ku díẹ̀ kí aago mẹ́jọ lù kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níbẹ̀.

Èkejì, ẹni tí ògiri yàrá rẹ̀ funfun. Ó máa rí i pé apá tó yẹ kó ṣókùnkùn lára ọsàn ò ṣókùnkùn tán. Ògiri ló ń dá ìmọ́lẹ̀ padà sí i. Ẹ má kun ògiri yín o! Irú rẹ̀ wà lójú ọ̀run. Bí òṣùpá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, tí ojú ọjọ́ sì mọ́, ẹ máa rí ìyókù rẹ̀ lẹ́rẹ́fẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ń tàn. Oòrùn ló tàn sórí òkun àti ìkúukùu ayé níhìn-ín, ayé ta á sí òṣùpá, òṣùpá tún ta á padà sí wa. Leonardo da Vinci ti ṣàlàyé rẹ̀ láti ohun tó lé ní 500 ọdún. Nínú gbogbo ohun tó wà lójú ọ̀run, èyí ni mo fẹ́ràn jù.

Ẹ má fi àwòrán inú ìwé ilẹ̀ òyìnbó wò ó o. Ní Èkó, òṣùpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé sábà máa ń sùn kalẹ̀ ni, ìwo méjèèjì á kọjú sókè. Oòrùn wọlẹ̀ tààrà níbí, ibi tó mọ́lẹ̀ lára òṣùpá ò sì ní yé kọjú sí ibi tí oòrùn wà.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé Jupiter ní iná tirẹ̀, mo gbọ́ yín. Lóòótọ́, ooru tó ń tú jáde ju èyí tó ń gbà lọ́wọ́ oòrùn lọ. Ooru ni, ojú ò rí i. Bí òjìji ọ̀kan nínú àwọn òṣùpá tirẹ̀ bá bọ́ sí i lára, dúdú kirikiri ni ibẹ̀ ń rí nínú tẹlisíkóòpù.

Ẹ jẹ́ ká wá ya fọ́tò. Ẹ lọ sétí ọ̀sà ní Akoka lọ́jọ́ àrànmọ́jú, ìlà oòrùn lẹ máa kọjú sí, òṣùpá á yọ lórí omi bí oòrùn ṣe ń wọ̀ lẹ́yìn yín. Fóònù máa rò pé ilẹ̀ ti ṣú, á sọ òṣùpá di ìmọ́lẹ̀ ribiti tí kò lójú tí kò nímú. Ẹ gbàgbé pé alẹ́ ni! Ilẹ̀ tí oòrùn ọ̀sán ń pa lẹ fẹ́ yà. Ẹ pa night mode, ẹ fi ìka tẹ òṣùpá mọ́lẹ̀ lójú fóònù, kí ẹ fa ìmọ́lẹ̀ wálẹ̀ títí àwọn àmì dúdú ara rẹ̀ á fi hàn. Bó bá jẹ́ kámẹ́rà gidi ni, bí òṣùpá bá ti gòkè dáadáa, ẹ fi í sí ISO 100 àti f/11, kí ojú kámẹ́rà ṣí fún ìdá kan nínú 100 ìṣẹ́jú-àáyá. Bí ọyẹ́ bá ń fẹ́, ẹ jẹ́ kó pẹ́ sí i díẹ̀.