Systemctl kill: ta lẹ ń ránṣẹ́ sí gan-an?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ọmọ alárè! Mo tún ti dé, láti Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Bí ẹ bá ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn mi, ẹ forí jì mí, àárọ̀ ni wọ́n ti mú iná lọ. A óò padà sórí iná yẹn, ó wúlò fún ọ̀rọ̀ òní.

Systemctl kill la fẹ́ sọ, àṣẹ tí a fi ń ránṣẹ́ sí àwọn iṣẹ́ tí systemd, alábòójútó iṣẹ́ lórí Linux, ń darí. Mi ò ní kọ́ yín bí ẹ ṣe ń wọ sáfà, mi ò sì ní sọ ohun tí sudo jẹ́. Ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ó yá.

Orúkọ àṣẹ yìí ló kọ́kọ́ ń tan èèyàn jẹ. Ẹni tó bá gbọ́ "kill" á rò pé pípa ni. Rárá o! Ìránṣẹ́ ni. Ẹ ń ránṣẹ́ sí process, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, òun ló máa pinnu ohun tó fẹ́ fi iṣẹ́ náà ṣe, àfi ọ̀kan tí a máa tó dé orí rẹ̀. Iṣẹ́ tí ẹ rán yẹn ni signal, ó sì ní nọ́ńbà: 1 ni HUP, 9 ni KILL, 15 ni TERM. Bí ẹ ò bá dárúkọ ọ̀kan, TERM ni systemctl máa rán.

Ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ kí n yà síbì kan. Inú mi máa ń dùn sí èyí jù. Àwa Ìjẹ̀bú ti ń fi nọ́ńbà ránṣẹ́ tipẹ́tipẹ́ kí kọ̀ǹpútà tó dáyé. Àrokò! Ẹ so owó ẹyọ mẹ́fà mọ́ okùn, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan: ẹ̀fà, ìyẹn ni pé ọkàn mi fà sí ọ. Ẹ so mẹ́jọ: ẹ̀jọ, ìyẹn ni pé èmi àti ìwọ jọ, èrò wa ò yàtọ̀. Ní 1887, ìwé ìwádìí kan ní London ti ń ṣàlàyé àrokò Ìjẹ̀bú fún àwọn òyìnbó. Àmọ́ ẹni tí kò mọ àrokò kà ńkọ́? Ẹ kó ẹyọ mẹ́fà fún un, á kàn ná an ni! Ẹ fi ìyẹn sápò, a máa tó lò ó.

Ẹ wá wo HUP. Láyé ìgbà tí wọ́n ń fi okùn tẹlifóònù so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà ńlá, tí okùn bá já, HUP ni kernel, ìpìlẹ̀ ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, fi ń sọ fún process pé ẹni tó ń bá ọ sọ̀rọ̀ ti lọ. Kí ni process á ṣe? Á kú. Títí dòní, process tí kò bá ní ìtumọ̀ tirẹ̀ fún HUP, kíkú ló máa kú. Àwọn tó kọ nginx, ètò tó ń gbé ojú-ìwé wẹ́ẹ̀bù jáde, àtàwọn irú ẹ̀ wá ní, ó dáa, àwa ò ní okùn tẹlifóònù kankan, tí a bá ti rí HUP, ká tún fáìlì ètò wa kà láìdá iṣẹ́ dúró. Àrokò kan, ìtumọ̀ méjì. Ọ̀kan ní kóo tún ìwé kà, èkejì ní kóo kú.

Ibí gan-an ni gbogbo yín ti máa ń ṣubú. Ẹ má ṣe bínú, èmi náà ṣubú níbẹ̀.

Ọdún kan báyìí, ọjọ́ Ojúde Ọba gan-an, ọjọ́ kẹta Iléyá. Oníbàárà mi kan ń ya fọ́tò, àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ nínú aṣọ ẹgbẹ́, àwọn ọmọ balógun lórí ẹṣin, ó sì ń rọ́ gbogbo rẹ̀ sórí sáfà tí mo tò fún un. Service náà, ìyẹn iṣẹ́ tí systemd ń bá a bójú tó, ń jẹ́ foto. Process àgbà ibẹ̀, èmi ni mo kọ ọ́, mo sì kọ́ ọ ní HUP: tún fáìlì ètò kà. Lábẹ́ rẹ̀ ni àwọn ọmọ rẹ̀ wà, script bash kéékèèké tí ń sọ fọ́tò ńlá di kékeré. Àwọn yẹn ò mọ HUP rárá. Mo yí ìwọ̀n fọ́tò padà nínú fáìlì ètò, mo wá tẹ èyí:

sudo systemctl kill --signal=HUP foto.service

Mo wo status. Àwọ̀ ewé! Active, running. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo lọ jẹ ìkọ́kọrẹ́.

Kí n tó padà dé, fóònù ti ń dún. Fọ́tò ń wọlé, kò sí èyí tó ń jáde. Àwọn tó ti ṣe dé ìdajì ti bàjẹ́. Process àgbà wà láàyè, ara rẹ̀ yá gágá, ló jẹ́ kí status dúró ní àwọ̀ ewé. Àwọn ọmọ ti kú tán.

Kí ló fà á? Ẹ gbọ́ dáadáa. Systemd máa ń kó gbogbo process tí service kan bí sínú cgroup kan, bí agboolé. Ọmọ, ọmọ-ọmọ, kódà èyí tó bá kọ bàbá rẹ̀ sílẹ̀ pé òun ti dá dúró, kò kúrò nínú agboolé. Tí ẹ bá wá ránṣẹ́ tí ẹ ò sọ ẹni tó ni ín, GBOGBO ARÁ ILÉ ni systemctl kill máa pín in fún. Gbogbo wọn! Baálé mọ àrokò kà. Àwọn ọmọdé ò mọ̀ ọ́n.

Ó yẹ kí n ti tẹ èyí:

sudo systemctl kill --kill-whom=main --signal=HUP foto.service

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wí tẹ̀lé mi. KILL-WHOM, MAIN. Mo tún sọ o: KILL-WHOM, MAIN! Lórí systemd àtijọ́, kill-who ni, kò sí m. Ẹ máa rí control náà nínú ìwé ìlànà, ti àwọn process tí àwọn ìlà inú fáìlì service bí ExecStartPre, ExecReload àtàwọn irú wọn bẹ̀rẹ̀ ni, kò jọ pé ẹ máa nílò rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ gba ìmọ̀ràn mi, ẹ má ṣe máa fọwọ́ tẹ HUP rárá. Ẹ kọ ọ́ sínú fáìlì service lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo:

ExecReload=/bin/kill -HUP $MAINPID

$MAINPID yẹn ni nọ́ńbà process àgbà. Láti ọjọ́ náà lọ, systemctl reload foto, ó parí. Baálé nìkan ló máa gbọ́.

Ó ku 9. Háà, ẹ̀yin èèyàn 9 yìí! Nǹkan ò tíì dúró ìṣẹ́jú kan, ẹ ti fi 9 lù ú. TERM ni ẹni tó kan ilẹ̀kùn tó ní kí ẹ palẹ̀ mọ́. KILL ni iná tí wọ́n mú lọ láàárọ̀ yìí: kò kan ilẹ̀kùn, kò kìlọ̀, fáìlì tó wà ní ìdajì wà ní ìdajì. Process kì í rí 9 rárá, kernel ló ń ṣe é fúnra rẹ̀. Kò sí bí ẹ ṣe lè kọ́ process láti kọ̀ ọ́.

Ẹ sì wo bí kill ṣe máa ń fi yín rẹ́rìn-ín. Tí ẹ bá kọ Restart=always sínú fáìlì service, ìyẹn ni pé kó máa jí nígbàkigbà tó bá kú, tí ẹ wá fi systemctl kill pa á, ó máa jí. Ẹ tún pa á, ó tún jí. Ẹnì kan fi fídíò ránṣẹ́ sí mi, ó ní ẹ̀mí àìmọ̀ wà nínú sáfà òun! Ẹ̀mí wo? Systemd kò mọ̀ pé ẹ fẹ́ kó dúró, ó rò pé ìjàǹbá ló ṣe é. Bó bá jẹ́ Restart=on-failure, ìyẹn ni pé kó jí bó bá kú ikú ìjàǹbá nìkan, TERM kì í jẹ́ kó jí, nítorí ikú ìrọ̀rùn ni systemd kà á sí, àmọ́ 9 máa jí i. Ẹ tún un ṣe ju ìgbà 5 lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 10, systemd fúnra rẹ̀ á sú, á ní òun ò tún gbé e dìde mọ́.

Tí ẹ bá fẹ́ kó dúró, STOP ni ẹ tẹ̀. Systemctl stop. Ó máa rán TERM sí gbogbo ilé, ó máa dúró dè wọ́n, 90 ìṣẹ́jú-àáyá bí ẹ ò bá yí i padà, ẹni tó bá ṣì jókòó lẹ́yìn ìyẹn ló máa fi 9 lé jáde. Kò sì ní jí i. Kill ní tirẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni, ó ti jíṣẹ́, ó ti lọ.

Ẹ gbọ́ jẹnẹrétọ̀ yẹn? Ó ti ń húkọ́. Ìyẹn ni TERM tiẹ̀, á húkọ́ ẹ̀ẹ̀mẹ́ta kó tó kú. Ẹ jẹ́ kí n tètè fi fídíò yìí pamọ́.