Ta Lo Ṣẹ̀?

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi nìkan ni lónìí, kò sí àlejò. Ẹ má bínú tí ohùn mi bá ń ha, òtútù ló mú mi lọ́fun.

"Ta lo ṣẹ̀?" Ìbéèrè tí pọfẹ́sọ̀ mi bi mí nìyẹn. Kò pariwo, kò fajúro. Ó gbé àròkọ mi sílẹ̀ lórí tábìlì, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Mo ti kà á tán. Ìwé ẹ̀bẹ̀ ni. Ta lo ṣẹ̀?" Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́ o, àmọ́ Yorùbá ni etí mi gbọ́.

Mo fẹ́ wọlé fún másítà níbí ní Amẹ́ríkà. Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù, owó fọ́ọ̀mù, àwọn tó máa báni kọ lẹ́tà, ẹ ti mọ gbogbo ìyẹn, ẹ jẹ́ ká fò ó. Ó ku àròkọ, èyí tí wọ́n ń pè ní statement of purpose, níbi téèyàn ti ń sọ ohun tó fẹ́ lọ kà àti ìdí rẹ̀. Wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ ju ọ̀rọ̀ 1,000 lọ. Mo jókòó, mo bi ara mi pé kí ni mo ní tí ẹlòmíràn ò ní? Táímùtébù! Mo ní táímùtébù tó ń ṣe bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú.

Físà akẹ́kọ̀ọ́ ni mo wà lórí rẹ̀ nígbà yẹn, F-1. Ẹni tó ń ka dìgírì àkọ́kọ́ lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba kírẹ́díìtì 12, ó kéré tán, ní sìmẹ́sítà kan. Tí ẹ bá sì ní ẹ máa kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kírẹ́díìtì 3 péré ni wọ́n máa kà mọ́ ọn. Iṣẹ́ inú ọgbà náà, wákàtí 20 lọ́sẹ̀ tí kíláàsì bá ń lọ lọ́wọ́, ó parí síbẹ̀. Ẹ wá bá mi ṣe ìṣirò. Kíláàsì aago mẹ́jọ àárọ̀ lọ́jọ́ Ajé àti Ọjọ́rú. Láàbù lálẹ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, aago méje títí di mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Òmíràn láàárọ̀ Àbámẹ́ta. Iṣẹ́ láíbìrì, aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago méjì òru, alẹ́ márùn-ún. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo ní láti fi sáré láti láàbù dé láíbìrì. Bàtà mi mọ ọ̀nà yẹn jù mí lọ.

Gbogbo rẹ̀ ni mo kó sínú àròkọ. Mo kọ oorun wákàtí mẹ́rin. Mo kọ ọjọ́ tí mo sùn lọ lórí àga tí olùkọ́ ń wò mí. Mo kọ ọ́ pé máàkì tó lọ sílẹ̀ yẹn, kì í ṣe ọ̀lẹ, ẹ jọ̀ọ́. Mo kà á sókè fún ara mi, omijé bọ́. Ẹ ẹ̀ rí i, èèyàn tó ń fi àròkọ ara rẹ̀ sunkún! Mo gbé e lọ fún pọfẹ́sọ̀ pẹ̀lú ìgboyà.

Ó ti fi bírò pupa yí gbogbo ibi tí mo ti tọrọ àforíjì. Ibi méje. Mo kà wọ́n níwájú rẹ̀. Méje.

Ó wá ní, "Kí lo rí lálẹ́ tí àwọn ará ọ̀sán ò rí?" Mo dákẹ́. Mo dákẹ́ títí tí ìdákẹ́ náà fi ń ti èmi fúnra mi lójú. Ni mo bá rántí ọ̀rọ̀ pH, ìyẹn ìwọ̀n tó ń sọ bí omi ṣe ní ásíìdì tó.

Ohun tí àwa ará láàbù alẹ́ ń kà lórí ẹ̀rọ tó ń wọn pH kì í bá ti àwọn ará ọ̀sán mu. Àwọn èèyàn ní oorun ló ń kùn wá. Èmi ni mo lọ yá ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ará ọ̀sán, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Wọ́n máa ń dín ooru ilé náà kù lálẹ́, omi tí a ń wọ̀n á tutù. Bí ooru bá yí padà, ohun tí ẹ̀rọ yẹn ń kà á yí padà. Ọ̀sán ni wọ́n ti ń ṣètò ẹ̀rọ náà kó lè kà á bó ṣe yẹ, àwa wá ń lò ó bẹ́ẹ̀ láìtún ìwọ̀n ooru rẹ̀ ṣe. Nǹkan kékeré ni. Àmọ́ mi ò fi ẹyọ gbólóhùn kan nípa rẹ̀ sínú àròkọ. Kò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn! Pọfẹ́sọ̀ gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀ padà.

Mo ti ń gbọ́ yín. Ẹnì kan ń sọ pé, "Ṣé kéèyàn wá fi ìyà tó jẹ ẹ́ pamọ́ ni?" Rárá o. Ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù ló ní àyè kan fún àfikún àlàyé. Gbólóhùn méjì, mẹ́ta: ohun tó ṣẹlẹ̀, ìgbà tó ṣẹlẹ̀, bó ṣe parí. Ẹ kúrò níbẹ̀. Máàkì yín wà níwájú wọn, wọ́n lójú.

Ẹlòmíràn ní, "Ìgbéraga ni kéèyàn máa yin ara rẹ̀." Ẹ dúró. Ta ló yin ara rẹ̀? Tí mo bá ní èmi ni mo mọ̀wé jù, ẹ nà mí. Tí mo bá ní mo fi ìwé méjì wé ara wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìròyìn nìyẹn! Ẹni tó ń ka àròkọ yín ò mọ ìyá yín. Ó fẹ́ mọ ohun tí ẹ máa ṣe lọ́jọ́ tí ìwádìí bá daojú dé. Pé ẹ ò sùn kò dá a lóhùn. Kódà ó lè máa rò ó pé kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ yìí lọ sùn ná.

"Àmọ́ ìwọ rí pH. Èmi ò rí nǹkan kan, ó kàn rẹ̀ mí ni." Ìyẹn mú mi dákẹ́ díẹ̀. Ó rẹ èmi náà, irọ́ kọ́. Àmọ́ kíláàsì wo lẹ fi sílẹ̀ nígbà tí kò ṣeé ṣe mọ́? Kí ló dé tó fi jẹ́ òun? Iṣẹ́ wo lẹ máa ń kọ́kọ́ mú nígbà tí ojú yín ṣì dá? Ẹ ti ronú kẹ́ ẹ tó ṣe ìyẹn. Ẹ kọ ìrònú náà.

Mo gbé ìbéèrè yẹn délé o. Mo ṣí ímeèlì mi, gbogbo èyí tí mo ti kọ sí ẹnikẹ́ni nílé ìwé yẹn. Ẹ má bínú pé mò ń yọ yín lẹ́nu. Ẹ má bínú, ìbéèrè kékeré kan ni. Mi ò ṣẹ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta ni mo fi ń wọ gbogbo yàrá bí ẹni tó pẹ́ dé.

Mo tún un kọ. Táímùtébù di gbólóhùn kan ṣoṣo, òun ló sì bẹ̀rẹ̀ àròkọ: láàbù mi bẹ̀rẹ̀ ní aago méje alẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n ti dín ooru ilé kù. Ilé ìwé mẹ́rin ni mo fi ránṣẹ́ sí. Mẹ́ta ní rárá. Ẹ má rẹ́rìn-ín! Ọ̀kan ló gbà mí, ọ̀kan náà ni mo sì nílò.

Àròkọ àkọ́kọ́ yẹn ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà mi. Orúkọ fáìlì rẹ̀ ni "ìkẹyìn gidi 3". Mo ṣí i láàárọ̀ yìí kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn sílẹ̀. Nígbà tí mo wá tẹ́tí sí ìbẹ̀rẹ̀ ètò yìí, kí ni mo kọ́kọ́ sọ? Ẹ má bínú tí ohùn mi bá ń ha.

Ó ń ha. Òtútù ni. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.