Ọ̀gá Ara Ẹni: Ta Ló Ń Pinnu?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo kí gbogbo yín. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí àǹfààní tó wà nínú kí ènìyàn máa ṣiṣẹ́ ara rẹ̀. Mo mọ ohun tí púpọ̀ nínú yín ń retí: owó á pọ̀, ìsinmi á wà nígbàkigbà tó bá wuni, kò ní sí ọ̀gá tí yóò máa jágbe mọ́ni. Ẹ má bínú, ibẹ̀ kọ́ ni mo ń lọ. Ẹni tó bá torí owó nìkan kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ló máa ń tètè kábàámọ̀.

Ní ọdún 2000, Barton Hamilton, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, gbé ìwádìí kan jáde lórí owó tó ń wọlé fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ara wọn ní Amẹ́ríkà. Ó fi í wé ohun tí irú wọn ì bá máa gbà lẹ́nu iṣẹ́ oṣù. Ẹ mú ẹni tó wà ní agbede méjì nínú wọn, tí ìdajì ń rí jù ú lọ, tí ìdajì kò sì rí tó o. Lẹ́yìn ọdún 10 lẹ́nu òwò, ohun tó ń wọlé fún un fi ìdá 35 nínú 100 dín sí owó oṣù tí ì bá máa gbà. Àwọn kan là gidi, a kò ní sẹ́ ẹ, àwọn yẹn náà sì ni à ń rí àwòrán wọn káàkiri. Ṣùgbọ́n àwọn tí kò là, tí wọn kò sì padà sẹ́nu iṣẹ́ oṣù, kí ló dá wọn dúró?

Matthias Benz àti Bruno Frey, onímọ̀ méjì láti Switzerland, wá ìdáhùn lọ sí Jámánì, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ tiwọn. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ ní 2008. Ní ilẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, iṣẹ́ tẹ́ àwọn tó ń ṣe tara wọn lọ́rùn ju àwọn tí wọ́n gbà síṣẹ́ lọ, kódà nígbà tí owó tó ń wọlé àti wákàtí iṣẹ́ bá dọ́gba. Àlàyé tí wọ́n ṣe kò lọ́jú pọ̀: ó ń dùn mọ́ ènìyàn pé kò sí ẹni tó ń pàṣẹ lé e lórí.

Ìwádìí mìíràn wà tí kò tilẹ̀ kan iṣẹ́ ara ẹni, ṣùgbọ́n tí mo fẹ́ràn láti máa tọ́ka sí. Ní 1967, àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí tọpa ìlera àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní London. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn ní 1985. Whitehall ni wọ́n ń pè é. Gbogbo àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò ló ń gba owó oṣù, iṣẹ́ ọ́fíìsì ni púpọ̀ nínú wọn sì ń ṣe. Síbẹ̀, bí ipò bá ṣe ń rẹlẹ̀ sí i ni àrùn ọkàn ṣe ń pọ̀ sí i láàárín wọn. Sìgá mímu àti ẹ̀jẹ̀ ríru kò tó láti fi ṣàlàyé rẹ̀ tán. Nínú àbájáde tí wọ́n tẹ̀ ní 1997, ohun tó wúwo jù lọ ni bí àṣẹ tí ènìyàn ní lórí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kéré tó. Mi ò sọ pé iṣẹ́ oṣù ń pani o. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a má ka ìpinnu sí ohun kékeré.

Ìpinnu wo gan-an? Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa, torí ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀ ló ń sọ iye tí òun yóò gbà. Òun ló ń mọ̀ bóyá kí òun tún iṣẹ́ tí kò dára tó ṣe, tàbí kí òun fi í lé oníbàárà lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá rí i pé ọ̀nà tí gbogbo ènìyàn ń gbà ṣe nǹkan kan kò mọ́gbọ́n dání, kò ní kọ ìwé sí ẹnikẹ́ni kó tó yí i padà. Ọ̀la ni yóò yí i. Ní ilé iṣẹ́ ńlá, àbá bẹ́ẹ̀ lè gun tábìlì mẹ́fà kó tó kú. Ó tún ní ẹ̀tọ́ kan tí àwọn ènìyàn kì í dárúkọ: ẹ̀tọ́ láti sọ pé rárá. Oníbàárà tí kì í sanwó lásìkò, tó tún máa ń bú àwọn ọmọ iṣẹ́, o lè ní kó máa lọ. Òṣìṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ kò lè lé ọ̀gá. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò kó ẹrù.

Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ẹni tí wọ́n kọ “òṣìṣẹ́ ara ẹni” síwájú orúkọ rẹ̀ ló rí àǹfààní yìí. Ní oṣù Kejì 2021, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dájọ́ lórí àwọn awakọ̀ Uber tí ilé iṣẹ́ náà ní wọ́n ń ṣiṣẹ́ ara wọn. Àwọn adájọ́ béèrè pé: ta ló ń gé iye owó ọkọ̀? Uber ni. Ta ló kọ àdéhùn tí awakọ̀ ń tẹ̀ lé? Uber ni. Ṣé awakọ̀ lè kọ èrò bó ṣe wù ú? Tó bá kọ̀ ọ́ jù, wọ́n á fìyà jẹ ẹ́. Ṣé ó lè mú èrò ní oníbàárà ara rẹ̀? Wọn kò gbà á láyè. Wọ́n wá dájọ́ pé òṣìṣẹ́ tó lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ìgbà ìsinmi àti owó iṣẹ́ tí kò gbọ́dọ̀ dín sí iye kan ni wọ́n. Ẹ bi ara yín ní ìbéèrè àwọn adájọ́ yẹn kí ẹ tó pe ara yín ní ọ̀gá.

Àǹfààní kejì kan owó, ṣùgbọ́n kì í ṣe iye rẹ̀. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ọ̀nà kan péré ni owó òṣìṣẹ́ ń gbà wọlé. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá dí i, ó parí, bó ti wù kó gbọ́n tó. Ẹni tó ní oníbàárà 20, tí méjì bá lọ, ó dùn ún, ṣùgbọ́n yóò jẹun. Àwọn ènìyàn máa ń pe iṣẹ́ oṣù ní ibi ààbò. Ó rí bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ tí lẹ́tà ìdádúró bá dé. (Bí ẹyọ oníbàárà kan bá ń san èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ, o ṣì wà lójú ọ̀nà kan náà, o kàn yí orúkọ rẹ̀ padà ni.)

Ti ìmọ̀ ńkọ́? Ilé iṣẹ́ ń fi ẹ̀yà kan ṣoṣo nínú iṣẹ́ lé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹni tó dá dúró ń kọ́ iye tí nǹkan ń ná an, ó ń kọ́ bí a ṣe ń gba gbèsè láìjà, ó ń mọ ìdí tí oníbàárà fi ń padà wá. Orúkọ tó bá sì ti fi iṣẹ́ rere kọ́, tirẹ̀ ni.

Adam Smith, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé láti Scotland, kọ ọ́ ní 1776 pé kò sí ohun tó jẹ́ aláìmọ́gbọ́n tó kí a rò pé ènìyàn yóò ṣiṣẹ́ dín kù nígbà tó bá ń ṣe é fún ara rẹ̀. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni, a kò nílò ìwé kí a tó mọ̀. Ṣùgbọ́n ó tún sọ ohun tí àwọn tó ń ta ìwúrí kì í sọ: pé àwọn oníṣẹ́ tí wọ́n ń san owó gidi fún lórí ẹyọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ń ṣe é jù, títí wọn yóò fi ba ìlera ara wọn jẹ́ láàárín ọdún díẹ̀. Ọ̀gá tó le jù tí o lè ní ni ìwọ fúnra rẹ. Ẹ yan ọjọ́ ìsinmi, kí ẹ sì sọ ọ́ fún oníbàárà.

Nígbà tí mo parí, arábìnrin kan béèrè ìgbà tó yẹ kí òun fi iṣẹ́ oṣù òun sílẹ̀. Mo ní kó má yára. Onímọ̀ méjì, Joseph Raffiee àti Jie Feng, fi hàn ní 2014 pé ní Amẹ́ríkà, ewu kí òwò dẹnu kọlẹ̀ fún àwọn tó kọ́kọ́ ń ṣe òwò wọn mọ́ iṣẹ́ oṣù kí wọ́n tó kúrò fi ìdá 33 nínú 100 dín sí ti àwọn tó fò lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní kó ya àkáǹtì òwò sọ́tọ̀ láti òní, kó máa san owó iṣẹ́ tó mọ níwọ̀n fún ara rẹ̀ níbẹ̀, àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Tí àkáǹtì yẹn bá ti ń san án déédéé, tí owó oṣù mẹ́fà sì wà ní ìpamọ́, kó kọ̀wé.

Bàbá kan lẹ́yìn ní ṣé ọjọ́ kò ti lọ fún òun báyìí. Mo dá a lóhùn pé àwọn onímọ̀ yẹ àwọn tó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà wò: ní ìpíndọ́gba, àwọn tí ilé iṣẹ́ wọn yára dàgbà jù lọ jẹ́ nǹkan bí ọmọ ọdún 45 nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. “Mo ti lé ní 50,” ni bàbá wí. Mo ní: “Ẹ̀yin náà ti mọ iṣẹ́ yín jù wọ́n lọ nìyẹn, sà.”