Ìpè Tẹlifóònù Elisabeth Kopp

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin olùgbọ́ mi. Pé Elisabeth Kopp ni obìnrin àkọ́kọ́ láàárín àwọn méje tó ń ṣèjọba Switzerland, tí ilé aṣòfin yàn án ní 1984, ẹ ti mọ ìyẹn. Ẹ jẹ́ ká lọ sórí ìpè yẹn.

Ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá, 1988. Mínísítà ètò ìdájọ́ ni. Ó pe ọkọ rẹ̀, igbákejì alága ilé iṣẹ́ Shakarchi Trading: kúrò níbẹ̀ kíá, wọ́n ń fura pé owó oògùn olóró ń gba ibẹ̀ kọjá. Ó ní kó gba àlàyé yòókù lẹ́nu olùrànlọ́wọ́ òun. Ọjọ́ náà gan-an ni ọkọ rẹ̀ kọ̀wé fi ipò sílẹ̀.

Háà! Obìnrin yìí ló jà fún òfin ìgbéyàwó tuntun o. Lábẹ́ ti àtijọ́, aya gbọ́dọ̀ gba àṣẹ ọkọ kó tó ṣiṣẹ́. Ìdá 54.7 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó dìbò gbà á ní 1985, ó sì di òfin ní oṣù Kìíní 1988. Ọdún kan náà ni ìpè yìí! Ó dùn mí.

Mo ti ń gbọ́ yín: “Aya wo ni kò ní kìlọ̀ fún ọkọ rẹ̀?” Mo gbà. Ìdákẹ́jẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ni mi ò gbà. Ká ní ó sọ fún àwọn mẹ́fà yòókù lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni! Kò sọ. Ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá, ilé aṣòfin yàn án ṣe igbákejì ààrẹ ọdún 1989, láìmọ̀. Ọ̀rọ̀ tú síta, nígbà tó sì di ọjọ́ 12, ó kéde pé òun máa lọ. Ilé aṣòfin ibẹ̀ kò lágbára láti yọ mínísítà kí ọdún mẹ́rin tó pé, ìgbẹ́kẹ̀lé nìkan ló ń gbé wọn ró. Ọjọ́ 12 oṣù Kìíní 1989, ó kúrò pátápátá.

“Ilé ẹjọ́ ṣáà dá a láre!” Bẹ́ẹ̀ ni, ní oṣù Kejì 1990, torí kò sí ẹ̀rí tó tó pé ó mọ̀ọ́mọ̀ tú àṣírí iṣẹ́. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin tó wádìí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló ṣàwárí nǹkan bí 900,000 fáìlì tí ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ kọ nípa àwọn èèyàn. Ìgbìmọ̀ kan náà jẹ́rìí pé ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì fara ṣe é. Ẹni tó bá ń sọ ìtàn ìpè yẹn, kó sọ èyí náà.