Ìṣẹ́jú Àáyá Méje: Àwọn Ìbọn Ajábàálù Kéékèèké ti Jámánì Nígbà Ogun

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ àwọn ìbọn ajábàálù kéékèèké tí Jámánì lò nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni mo gbé wá. Flak ni wọ́n ń pe gbogbo ìbọn ajábàálù lọ́dọ̀ wọn, kékeré àti ńlá. Àwọn ńláńlá, irú 88 mìlímítà (ìyẹn ni fífẹ̀ ihò ẹnu ìbọn) tí òkìkí rẹ̀ kàn káyé, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ ná. Àwọn tó ń dojú kọ bàálù tó bá fò wálẹ̀ ni mo fẹ́ ká wò.

Ká tó dárúkọ ìbọn kankan, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Bàálù tó ń sáré 500 kìlómítà ní wákàtí kan máa ń rin nǹkan bí 140 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Bó bá ku 1,000 mítà kó kàn yín, ìṣẹ́jú àáyá méje péré lẹ ní kó tó dé orí yín. Nínú méje yẹn lẹ ó ti rí i, tí ẹ ó yí ìbọn sí i, tí ẹ ó díwọ̀n ibi tí yóò wà nígbà tí ọta bá fi máa débẹ̀, kẹ́ ẹ tó yìnbọn. Mo gbà pé tìtorí méje yìí ni gbogbo làálàá tí àwọn ẹnjiníà Jámánì ṣe.

Àdéhùn Versailles ti 1919, èyí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, ti ka irú ìbọn bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ fún Jámánì. Ilé iṣẹ́ Rheinmetall bá lọ gba ilé iṣẹ́ kan ní Solothurn, lórílẹ̀-èdè Switzerland, wọ́n sì ń ṣe níbẹ̀ ohun tí wọn ò gbọ́dọ̀ ṣe nílé. Látinú iṣẹ́ Solothurn yìí ni 2 cm Flak 30 ti jáde láàárín ọdún 1930 sí 1935. Ìbọn yìí lágbára láti yin ọta 280 ní ìṣẹ́jú kan. Àmọ́ ọta 20 péré ló wà nínú àpò rẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún tí yóò fi gbẹ, ẹnì kan á tún yọ ọ́, á ki òmíràn bọ̀ ọ́. Ohun tó ń jáde lóòótọ́ ò ju bí 120 lọ, ọta sì tún máa ń há sí i lọ́fun.

Ilé iṣẹ́ Mauser ló tún un ṣe. Flak 38 tiwọn, tó dé nígbà tí ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ń yin ọta 420 sí 480. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n so mẹ́rin irú rẹ̀ pọ̀ sórí ẹsẹ̀ kan, wọ́n pè é ní Flakvierling. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí, nítorí ọgbọ́n inú rẹ̀ wù mí. Ẹni tó ń yìn ín jókòó sẹ́yìn ìbọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ní ohun ìtẹ̀ méjì lábẹ́ ẹsẹ̀. Bó bá tẹ ọ̀kan, ìbọn òkè lápá kan àti ti ìsàlẹ̀ lápá kejì ló máa dún. Bó bá tẹ ìkejì, méjì tó kù gbà á. Nígbà tí méjì bá ń dún, àwọn tó ń ki ọta á ti máa pààrọ̀ àpò ọta méjì yòókù, nítorí àpò kan kì í lò tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Ọ̀nà yìí ni iná kò fi ní kú rárá. Nǹkan bí ọta 800 ló ń jáde ní ìṣẹ́jú kan lójú ogun.

Àwọn ará Amẹ́ríkà mọ ohun tí irú iná bẹ́ẹ̀ lè ṣe. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ 1943, bàálù B-24 tó lé ní 170 gbéra láti Líbíà lọ ju bọ́ǹbù sí ilé iṣẹ́ epo ní Ploiești, ní Romania. Wọ́n fò sílẹ̀ gan-an kí wọ́n má baà tètè rí wọn. Ìbọn ńlá àti kékeré dojú kọ wọ́n, títí kan àwọn tí wọ́n gbé pamọ́ sínú ọkọ̀ ojú irin. Bàálù tó lé ní 50 ni kò padà.

Ṣùgbọ́n ọta 2 cm yẹn kéré. Kò ju nǹkan bí 120 gíráàmù lọ. Nígbà tí Rọ́ṣíà gbé Il-2 jáde, bàálù tí irin líle ká ẹ́ńjìnnì àti awakọ̀ rẹ̀ mọ́, ọ̀pọ̀ ọta 2 cm ń bà á tí kò sì wọlé. Ohun tí wọ́n nílò láti já a ni ìbọn 3.7 cm, tí ọta rẹ̀ wúwo tó ìlọ́po márùn-ún. Jámánì ti ní i láti 1935, àmọ́ ọta 160 péré ló ń yìn ní ìṣẹ́jú kan.

Wọ́n tún gbìyànjú 5 cm Flak 41. Bí ó bá dún, iná ẹnu rẹ̀ máa ń mọ́lẹ̀ débi pé ó ń dà ẹni tó ń fojú sun bàálù láàmú, kódà lọ́sàn-án gangan. Ó sì wúwo láti yí tẹ̀ lé bàálù tó ń sáré. Bí 60 ni wọ́n ṣe, wọ́n pa á tì.

3.7 cm Flak 43 ló yanjú rẹ̀. Ọta 250 ní ìṣẹ́jú kan, irin pẹlẹbẹ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ni wọ́n sì fi ṣe púpọ̀ lára rẹ̀, débi pé àkókò tí wọ́n ń lò láti ṣe é kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́rin ti àtijọ́ lọ. Ṣùgbọ́n 1944 ló tó dé ojú ogun.

Kí ó tó dé, àwọn wo ló dúró ti ìbọn? Láti oṣù kejì 1943 ni wọ́n ti ń kó àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama, tí wọ́n bí ní 1926 àti 1927, sídìí Flak. Olùkọ́ á wá bá wọn níbẹ̀ lọ́sàn-án láti kọ́ wọn. Lóru, wọ́n á dìde sí bọ́ǹbù. Ó dùn mí púpọ̀, nítorí kò sí ẹ̀rọ tó lè sọ ọmọ ọdún 16 di àgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá méje.

Nígbà tí àwọn ọ̀tá Jámánì ti gba ojú ọ̀run Faransé ní 1944, wọ́n gbé Flakvierling sórí ọkọ̀ táńkì, wọ́n pè é ní Wirbelwind. Òkè rẹ̀ ṣí sílẹ̀, nítorí èéfín ìbọn mẹ́rin á fún àwọn tó wà nínú rẹ̀ lọ́rùn. Èyí tó gbé 3.7 cm ni Ostwind. Wirbelwind bí 100 ni wọ́n rí ṣe kí ogun tó parí, Ostwind ò tó 50.