Láti LVN Dé BSN: Ọ̀nà Tí Ó Bá Ẹni Tí Ó Ní Ọmọ Nílé Mu

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn nọ́ọ̀sì Yorùbá sọ ní Houston)

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, ẹ kú ìjókòó. Mo mọ̀ pé ẹnu iṣẹ́ alẹ́ ni àwọn kan nínú yín ti wá, oorun ṣì wà lójú yín. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ohun tí mo bá wá: bí ẹ bá jẹ́ LVN (Licensed Vocational Nurse, nọ́ọ̀sì onípele àkọ́kọ́), tí ẹ sì fẹ́ gba BSN (oyè yunifásítì nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì), ẹ kọ́kọ́ lọ gba ìwé àṣẹ RN (Registered Nurse, nọ́ọ̀sì tí àṣẹ rẹ̀ ju ti LVN lọ) ní community college, ìyẹn iléèwé gíga ọlọ́dún méjì. Ẹnu iṣẹ́ RN yẹn ni kí ẹ ti parí oyè.

LVN ni wọ́n ń pè é ní Texas àti California. LPN ni ní ìpínlẹ̀ yòókù. Nǹkan bí ọdún kan la fi ń kọ́ ọ, ìyẹn ni ọ̀pọ̀ wa fi gba ibẹ̀ wọlé nígbà tí owó ilé ń lé wa kiri. Kò sí ìtìjú níbẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n òfin Texas pààlà fún wa. Ohun kan pàtó ni LVN lè yẹ̀ wò lára aláìsàn, kó sì jábọ̀. Àyẹ̀wò látòkè délẹ̀, ọwọ́ RN ló wà. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń rí. Ẹ ti rí i pé mímí bàbá yẹn ti yí padà, síbẹ̀ ẹ gbọ́dọ̀ lọ pe ẹlòmíràn.

Ètò kan wà tó ń gbé LVN lọ sí BSN tààrà. Ó dára fún ẹni tí bùkátà rẹ̀ kò pọ̀, àmọ́ owó LVN náà lẹ ó máa gbà títí ẹ ó fi parí. Ní community college, lẹ́yìn àwọn kọ́ọ̀sì ìpìlẹ̀, ọdún kan sí ọdún kan àbọ̀ ló sábà máa ń gbà láti di RN. Ìdánwò ìwé àṣẹ RN kan náà, tí wọ́n ń pè ní NCLEX-RN, ni ẹni tó gba oyè ọlọ́dún méjì àti ẹni tó ní BSN ń ṣe: ìbéèrè 85 ó kéré tán, 150 ó pọ̀ jù, láàárín wákàtí márùn-ún. Ìwé àṣẹ kan náà ló ń tibẹ̀ jáde. Lẹ́yìn náà, orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti lè ṣe èyí tó kù nínú BSN. Ọ̀pọ̀ ọsibítù ló ń bá òṣìṣẹ́ wọn san nínú owó rẹ̀. Òfin gba agbanisíṣẹ́ láàyè láti san tó $5,250 lọ́dún láìjẹ́ pé òṣìṣẹ́ san owó orí ìjọba àpapọ̀ lórí rẹ̀. Ẹ bèèrè o! Àwa kì í bèèrè.

Ẹ má sì dúró sí RN. New York ti ṣòfin láti 2017 pé RN tuntun gbọ́dọ̀ gba BSN láàárín ọdún mẹ́wàá.

Kọ́ọ̀sì ìpìlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń há. Èmi kó Microbiology àti Anatomy apá kejì pọ̀ mọ́ iṣẹ́ alẹ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀, mo sì fìdí rẹmi nínú ọ̀kan. Inú ọkọ̀ ni mo jókòó sí tí mo ń sunkún. Ẹ mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ohun kan wà tó ń dùn mí dọ́kàn. Ní January 2023, ìjọba àpapọ̀ fẹ̀sùn kan ènìyàn 25 lórí ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì ayédèrú tó lé ní 7,600, láti iléèwé mẹ́ta ní Florida. Ẹni tó bá ní kí ẹ mú owó wá, pé ẹ ò ní dé ọ̀dọ̀ aláìsàn kankan, ẹ sá fún un. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ wo orúkọ iléèwé náà lọ́dọ̀ Texas Board of Nursing, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Texas, kí ẹ sì wò ó bóyá ACEN tàbí CCNE, àwọn àjọ tó ń yẹ ètò ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì wò, fọwọ́ sí i.

Nígbà tí mo parí, màmá kan dìde, ó ní òun ti gba oyè ní Nàìjíríà kí òun tó dé, ṣé ó ti ṣòfò ni? Rárá, mà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ìwé yín wò, ó lè jẹ́ kí ẹ má tún àwọn kọ́ọ̀sì bí sociology àti psychology ṣe mọ́. Èyí tó jẹ́ sáyẹ́ǹsì, bó bá ti pẹ́, ọ̀pọ̀ iléèwé á ní kí ẹ tún un ṣe. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní òun á pè mí lọ́jọ́ Ajé.