Bí mo ṣe ń gé ẹ̀ka abíyá tòmátò, tí mo sì ń so ó mọ́ ọ̀pá

Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀yìnkùlé wa n'Ìbàdàn náà la wà, mo dúró kí ìrì gbẹ kí n tó jáde torí tí ewé bá ṣì tutù kì í dáa ká gé e, ojú ibi tá a gé yẹn làrùn máa ń gbà wọlé.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ mọ irú tòmátò tẹ́ ẹ gbìn. Tó bá jẹ́ Roma, kì í ga títí, orí àwọn ẹ̀ka abíyá náà ló máa so sí, tẹ́ ẹ bá gé wọn èso lẹ gé dànù yẹn. Ewé ìsàlẹ̀ nìkan ni mo máa ń yọ lára Roma. Èyí tá a fẹ́ gé lónìí ni cherry, àwọn róbótó yẹn, òun ò mọ ìgbà tó yẹ kó dúró, ó ń ga lọ ṣáá ni.

Ó yá, ẹ súnmọ́ ibí. Igi rẹ̀ rèé, ewé tó yà rèé, ní àárín wọn, abíyá ẹ̀ gan-an, ṣẹ́ ẹ rí kékeré tó ń yọ yẹn? Òun là ń wá. Tí ò bá tíì gùn ju ìka lọ, ẹ má wá ọ̀bẹ, ẹ fi àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀lá mú un, ẹ tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ti kán. Tó bá ti nípọn, ẹ fi bíléèdì tẹ́ ẹ ti fi spirit nù gé e, kẹ́ ẹ tún nù ún kẹ́ ẹ tó bọ́ sídìí òmíì. Ẹni tó bá fọwọ́ kan sìgá tàbí áṣáà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ọṣẹ fọwọ́ dáadáa, àrùn kan máa ń wà lára tábà tó ń ran tòmátò, tó bá ti ràn án kò sóògùn ẹ̀.

Ẹ má gé tán o! Èyí tó wà lábẹ́ òdòdó àkọ́kọ́ yẹn, èmi máa ń fi sílẹ̀ kó di igi kejì. Ẹ má sì ṣí èso sílẹ̀ níhòòhò, oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn á bó o lára.

Ewé ìsàlẹ̀ wá ńkọ́, ẹ yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ títí ewé tó kù á fi ga tó rúlà kan sílẹ̀, torí òjò ló ń ta erùpẹ̀ àti àrùn sára ẹ̀.

Ọ̀pá ọparun, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá lọ́ tòmátò ni kẹ́ ẹ ti rì í mọ́lẹ̀, mo pẹ́ rì í léèkan, mo gún gbòǹgbò, igi yẹn rọ ni. Àkísà àǹkárá ni mo fi ń so ó, mo máa yí i bíi 8, kí ìka ṣì lè wọ inú ẹ̀.

Àwọn tí mo gé rèé nínú kọ́ọ̀pù omi, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì wọ́n á ti ta gbòǹgbò, mo ti po erùpẹ̀ sínú àpò dè wọ́n.